Àpótí Àyẹ̀wò Ìyípadà Nǹkan: Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀ Gbọ́n Ju Ìwé Rẹ̀ Lọ

Àpótí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, àti fún àwọn òbí àti olùkọ́ tó ń tọ́ wọn sọ́nà, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bí nǹkan ṣe ń yí padà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín ìyípadà náà sí. Èkíní ni ìyípadà ti ìrísí, níbi tí nǹkan ti ń yọ́, tó ń dì, tàbí tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ láìdi nǹkan mìíràn; èkejì ni ìyípadà ti kẹ́míkà, níbi tí èròjà tuntun ti ń jáde, tí ti tẹ́lẹ̀ kò sì sí mọ́. Èrò mi nípa àpótí náà kò ṣòro láti sọ. Àwọn ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ dára, wọ́n sì yẹ ní yíyìn, ṣùgbọ́n ìwé ìlànà tó bá a wá ń kọ́ ọmọ ní òfin kan tí àwọn ohun inú àpótí náà fúnra wọn ń tako. Ẹni tó bá ka ìwé náà tán tí kò wo nǹkan mìíràn yóò mọ̀wọ̀n. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gíláàsì yóò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹrù inú rẹ̀ kò kéré. Àtùpà onísípírítì wà níbẹ̀, túùbù gíláàsì wà, àti tẹmómítà, òṣùwọ̀n kékeré tó ń lo bátìrì, òòfà, bébà litmus (tó ń fi àwọ̀ rẹ̀ sọ bóyá nǹkan jẹ́ ásíìdì tàbí òdìkejì rẹ̀), ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò fún ojú. Àwọn ìgò kéékèèké tó kù ni wọ́n kó copper sulphate (iyọ̀ tí bàbà wà nínú rẹ̀), èérún irin, imí ọjọ́, sodium bicarbonate, citric acid, ammonium chloride, zinc oxide àti limewater sí, pẹ̀lú magnesium tí wọ́n ká bíi rìbọ́nù. Gíláàsì wọn nípọn, ó sì ń gba iná láìsán. Awò ààbò nìkan ló fẹ̀ jù fún ojú ọmọdé. Ó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ bí ọmọ bá ti tẹrí ba, èyí kò sì yẹ kó ṣẹlẹ̀ nínú àpótí tí wọ́n kọ ọjọ́ orí ọmọdé sí lára.

Orí yìnyín ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. A ó da yìnyín tí a ti fọ́ sínú kọ́ọ̀bù, a ó ki tẹmómítà bọ àárín rẹ̀, a ó máa rò ó pọ̀, a ó sì máa kọ ohun tí tẹmómítà bá ń sọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ohun tó máa ń ya ọmọ lẹ́nu ni pé, níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì kù nínú kọ́ọ̀bù, tẹmómítà kì í kúrò ní 0°C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ń wọlé sí i láìdáwọ́ dúró. Ooru yẹn kò ṣòfò. Iṣẹ́ títú àwọn mólékù omi, ìyẹn èérún omi tó kéré jù lọ, kúrò níbi tí yìnyín dè wọ́n mọ́ ló ń ṣe, iṣẹ́ ńlá sì ni, nítorí pé ooru tó ń yọ́ gíráàmù 1 yìnyín, tí í ṣe nǹkan bíi joule 334 (joule ni a fi ń díwọ̀n ooru), fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti mú gíráàmù 1 omi kúrò ní 0°C dé 80°C. Síbẹ̀ omi ló jẹ́ kó tó yọ́, omi náà ló sì jẹ́ lẹ́yìn tó yọ́ tán. Bí a bá dá a padà sínú ẹ̀rọ amómidì, yóò dì, yóò sì gba àyè tó fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi kìlọ̀ pé kí a má ṣe kún ìgò dé ẹnu. Apá yìí gún régé. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí i.

Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ òfin wọn: ìyípadà tó bá ṣeé dá padà, ti ìrísí ni; èyí tí kò bá ṣeé dá padà, ti kẹ́míkà ni. Òfin náà rọrùn láti há sórí, bóyá ìdí nìyẹn tó fi gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fa bébà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, ta ni yóò dá a padà? Bébà tó ya sì rèé, bébà ṣì ni. Ti ìdàkejì rẹ̀ ló tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù, torí pé àwọn tó ṣe àpótí yìí ti fi ẹ̀rí rẹ̀ sínú ìgò kan, wọ́n sì lẹ orúkọ mọ́ ọn: copper sulphate.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ló jẹ́ kí àpótí náà yẹ ní rírà. Horo copper sulphate máa ń ní àwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ kedere. A ó bù ú sínú túùbù gíláàsì tó gbẹ, a ó sì mú túùbù náà dání lórí iná ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Ìwé náà kò sọ ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé omi yóò jáde láti inú horo náà, bí omi yẹn bá sì ṣàn padà sórí gíláàsì tó ti gbóná, gíláàsì náà lè sán. Láìpẹ́, àwọ̀ búlúù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti ìsàlẹ̀, ìkán omi wẹ́wẹ́ yóò máa so mọ́ ọrùn túùbù níbi tó tutù, ohun tí yóò sì kù ní ìsàlẹ̀ ni ìyẹ̀fun funfun. Kò sí ẹni tó fi omi sínú túùbù náà. Inú horo gbígbẹ yẹn gan-an ni omi ti jáde wá, nítorí pé mólékù omi 5 ló so mọ́ copper sulphate kọ̀ọ̀kan nínú horo búlúù. Bí a bá fi gíráàmù 10 sí orí iná, tí a sì lé gbogbo omi rẹ̀ lọ, nǹkan bíi gíráàmù 6.4 ni yóò kù.

Ẹ jẹ́ kí túùbù náà tutù pátápátá, kí ẹ wá kán omi díẹ̀ sórí ìyẹ̀fun funfun náà. Yóò pariwo díẹ̀, ṣìì, àwọ̀ búlúù yóò padà lójú ẹsẹ̀, ẹni tó di túùbù mú yóò sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó gbóná. Ó ti padà sí bó ṣe wà. Gẹ́gẹ́ bí òfin inú ìwé náà, ìyípadà ti ìrísí lásán nìyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá: ìdè tó so omi mọ́ bàbà ti já, ó sì tún ti so padà; èròjà funfun yẹn àti ti búlúù kì í ṣe èròjà kan náà, ìwọ̀n wọn yàtọ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀, ooru sì jáde nígbà tí èkíní di èkejì. Ìyípadà ti kẹ́míkà tó ṣeé dá padà ni. Nígbà tí mo dé orí àyẹ̀wò yìí nínú ìwé náà, mo retí pé wọn yóò sọ nǹkan nípa òfin tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n wọ́n kàn ní kí ọmọ fi àmì sí “ti kẹ́míkà” kó sì ṣí ojú ewé tó kàn. Ọmọ tó bá ń ronú yóò béèrè ìbéèrè níbẹ̀, ìwé kò sì ní ìdáhùn fún un.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àwọn àmì tí wọ́n ní kí ọmọ máa fi dá ìyípadà ti kẹ́míkà mọ̀, bí àwọ̀ tó yí padà, ìfófòó, ooru tàbí òtútù, àti nǹkan líle tó ṣẹ́ jọ sí ìsàlẹ̀ omi. Àmì ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àmì kì í ṣe ẹ̀rí. Omi tó ń hó ń yọ ìfófòó, kò sì sí ohun tuntun nínú ìfófòó rẹ̀ àfi omi tó ti di gáàsì. Zinc oxide inú àpótí náà funfun; ẹ mú un gbóná, yóò pọ́n bíi àwọ̀ òféèfèé; ẹ gbé e kúrò lórí iná, yóò tún funfun, zinc oxide náà ló sì jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ammonium chloride wá ń ṣe ìdàkejì rẹ̀. Bí a bá mú un gbóná ní ìsàlẹ̀ túùbù, yóò pòórá níbẹ̀, yóò sì tún fara hàn ní funfun lókè níbi tí gíláàsì tutù, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń wò yóò rò pé ńṣe ló kàn gbéra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ní ti òótọ́, ó ti pín sí gáàsì méjì, ammonia àti hydrogen chloride, àwọn méjèèjì sì tún pàdé lókè wọ́n di ammonium chloride padà. Bébà litmus pupa tí a rẹ sínú omi, tí a gbé sí ẹnu túùbù náà, lè tú àṣírí yìí, nítorí ammonia fúyẹ́ ju ìkejì rẹ̀ lọ, òun ló sì ń kọ́kọ́ dé òkè láti sọ litmus di búlúù. Bébà litmus wà nínú àpótí. Ìwé kò ní kí a lò ó níbí. Mo kà á sí àǹfààní tí wọ́n jẹ́ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, torí pé kò sí àyẹ̀wò mìíràn nínú àpótí náà tó fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí ojú rí àti ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn tó èyí.

Àyẹ̀wò irin àti imí ọjọ́ ni wọ́n fi ṣe ìpolówó sára páálí àpótí náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá kàn po èérún irin pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, òòfà lè ya wọ́n. Ẹ fi bébà wé òòfà náà kí èérún irin má baà lẹ̀ mọ́ ọn lára, kí ẹ gbé e kọjá lórí àdàpọ̀ náà, irin yóò fò mọ́ ọn, imí ọjọ́ yóò sì dúró sílẹ̀. Bí a bá wá mú àdàpọ̀ kan náà gbóná nínú túùbù, yóò dé ibì kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n yòò, pípọ́n náà yóò sì máa rìn lọ nínú túùbù kódà lẹ́yìn tí a ti gbé iná kúrò lábẹ́ rẹ̀, nítorí ooru tí àwọn méjèèjì ń yọ bí wọ́n ṣe ń so pọ̀ ti tó wọn. Ohun tí yóò kù ni òkúta dúdú kan tí kì í ṣe irin, tí kì í sì í ṣe imí ọjọ́.

Ìgbà tí ọmọ bá gbé òòfà sún mọ́ òkúta dúdú náà ni wàhálà dé, torí ó ṣeé ṣe kó fà á. Ìwé náà ní kò yẹ kó fà á. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ ọmọ. Ìwé ló ní kí ó bu ṣíbí kan irin àti ṣíbí kan imí ọjọ́. Ìwọ̀n tó tọ́ ni gíráàmù 7 irin sí gíráàmù 4 imí ọjọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni átọ́ọ̀mù wọn (èérún tó kéré jù lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn) ṣe wúwo síra wọn. Irin sì wúwo púpọ̀ ju imí ọjọ́ lọ, tó fi jẹ́ pé ṣíbí kan sí ṣíbí kan yóò jẹ́ kí irin pọ̀ lápọ̀jù, irin tó ṣẹ́ kù láìrí imí ọjọ́ tí yóò so mọ́ ni òòfà ń fà. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣíbí díwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi òwú onígíláàsì tó wà nínú àpótí dí ẹnu túùbù, kí imí ọjọ́ tó ti di gáàsì má baà jáde gbiná, kí ẹ sì ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé jáde, torí èéfín imí ọjọ́ tó ń jó máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun burúkú.

Òṣùwọ̀n inú àpótí náà ni mo fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Gíráàmù 1, gíráàmù 1 ló ń kà. Ó tó fún irin àti imí ọjọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún copper sulphate bí a bá bu púpọ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí wọ́n torí rẹ̀ fi í síbẹ̀ gan-an ni kò lè ṣe. Àyẹ̀wò náà ni èyí tí orúkọ Antoine Lavoisier, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò kúrò lára rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́mísírì tó tẹ̀ jáde ní 1789 pé ìwọ̀n ohun tó wọlé sínú ìyípadà ti kẹ́míkà àti ìwọ̀n ohun tó jáde níbẹ̀ dọ́gba. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ó ní òṣùwọ̀n tó dára, ó sì ń dé ohun èlò rẹ̀ pa kí gáàsì má baà sá lọ.

Ìwé náà ní kí a po gíráàmù 1 sodium bicarbonate mọ́ citric acid àti omi nínú kọ́ọ̀bù tó ṣí sílẹ̀, kí a wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà kí a tún un ṣe nínú àpò ọ̀rá tí a dè lẹ́nu, kí a fi ìwọ̀n méjèèjì wéra. Gáàsì carbon dioxide tó ń jáde láti inú gíráàmù 1 kò ju gíráàmù 0.52 lọ. Lórí òṣùwọ̀n tó ń fo gíráàmù kan lẹ́ẹ̀kan, ọmọ lè má rí ìyàtọ̀ kankan láàárín kọ́ọ̀bù tí gáàsì ti sá lọ àti àpò tí gáàsì wà nínú rẹ̀. Tẹmómítà náà kò ràn wá lọ́wọ́: àdàpọ̀ náà máa ń tutù bó ṣe ń fófòó, ṣùgbọ́n ìlà tẹmómítà náà ń fo dígírì 2, pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ tí a fi kan ara kọ́ọ̀bù lè yára mọ òtútù náà jù ú lọ.

Bí ẹ bá tilẹ̀ ní òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù, ẹ ṣọ́ra fún àpò ọ̀rá yẹn. Bí gáàsì bá ti wú u, àpò náà yóò ti afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò, afẹ́fẹ́ ìta náà yóò sì gbé e sókè díẹ̀. Lítà 1 afẹ́fẹ́ wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 1.2, gíráàmù 1 sodium bicarbonate sì ń yọ gáàsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta lítà 1, nítorí náà òṣùwọ̀n yóò sọ pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta gíráàmù ti sọnù nígbà tí ohunkóhun kò sọnù. Ìgò ọ̀rá líle tó gba lítà 1 àbọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ohun mímu onígáàsì, ni kí ẹ lò. Kì í wú bí àpò, ó sì lágbára tó fún gáàsì ìwọ̀n kékeré yìí. Ẹ má ṣe fi kún gíráàmù 1 náà.

Àwọn àyẹ̀wò tó kù dára, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Kànrìnkàn onírin tí a rẹ, tí a fi sínú túùbù tí a dorí rẹ̀ kodò sínú omi, yóò dípẹtà láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi yóò sì gùnkè nínú túùbù náà dé nǹkan bí ìdá márùn-ún gíga rẹ̀, torí ìwọ̀n yẹn ni ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tí a yọ́ citric acid sí fọ ara kànrìnkàn náà mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó dúró pẹ́. Magnesium ń jó pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ funfun tó lè ba ojú jẹ́, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Eérú funfun tó kù wúwo ju magnesium tí a jó lọ, gíráàmù 2.4 ń di gíráàmù 4, ọ́síjìn ló sì fi ìyókù kún un. Wọ́n fi àbẹ́là kan sí i pẹ̀lú. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àbẹ́là kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní Royal Institution ní London, ó sì rọrùn láti rí ìdí tó fi yàn án: ìda ń yọ́, òwú ń fà á mu, ooru ń sọ ọ́ di gáàsì, gáàsì yẹn ló sì ń jó. Ẹ pa àbẹ́là náà, kí ẹ gbé iná sínú èéfín funfun tó ń lọ sókè láti ara òwú rẹ̀. Iná yóò gba inú èéfín náà sọ̀kalẹ̀ wá tan òwú, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án.

Bí ọmọ náà bá ti lè ka òṣùwọ̀n, tí ó sì ní sùúrù láti kọ ohun tó rí sílẹ̀, mo ní kí ẹ ra àpótí yìí fún un, pẹ̀lú àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí àtùpà bá wà ní títàn, nítorí ọwọ́ iná sípírítì kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú oòrùn. Ẹ fi kálàmù fa ìlà sí òfin tó wà ní ojú ìwé yẹn, kí ẹ sì bi ọmọ pé kí ni ohun tuntun tó wà nísinsìnyí tí kò sí tẹ́lẹ̀, dípò kí ẹ bi í bóyá ó ṣeé dá padà. Ẹ ra òṣùwọ̀n mìíràn tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù.

Ìwé náà ní kí a da omi copper sulphate tó bá ṣẹ́ kù sínú gọ́tà. Ẹ má dà á síbẹ̀, torí bàbà inú rẹ̀ ń pa ẹja àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi. Ẹ fi ìyókù kànrìnkàn onírin yẹn sínú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bàbà yóò kúrò nínú omi, yóò bo irin náà ní pupa rúsúrúsú, àwọ̀ búlúù yóò sì ṣí di ewé fẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá sẹ́ ẹ tán, bàbà líle náà yóò wà lọ́wọ́ yín láti kó sínú ìgò.